Òfì Tí Mọ́rìnọ́lá Fi Ń Sùn

Bí Ọlọ́run bá gbọ́ àdúrà tí a gbà ní àárọ̀ Alárùbá yẹn, kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìgbà tí ohun tí a tọrọ bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ni ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ là? Mo ti bi ara mi lórí ẹní ìrun, mo ti bi ara mi nídìí ààrò. N kò tíì rí ìdáhùn.

Waheedat lọ̀rọ̀ náà kàn. Ìsẹ́yìn ló ń gbé, nínú agboolé ọkọ rẹ̀, níbi tí òfì mẹ́fà tò sí lábẹ́ páànù, tí àwọn ahunṣọ ti ń ta ọ̀kọ̀ òwú látàárọ̀ dalẹ́. Samsudeen ọkọ rẹ̀ ń ṣe olùkọ́ ní Ṣakí, ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ọ̀ ló máa ń wálé. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni Waheedat ń ṣe fún ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó, àwọn tó ṣe áàpù tí àgbẹ̀ fi ń ra ajílẹ̀ lórí fóònù. Kí áàpù tó bọ́ sọ́wọ́ àgbẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ síwá tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, títí yóò fi rí ibi tó ti lè kọṣẹ́. Yàrá rẹ̀ ló ti ń ṣe é, sóólà lórí òrùlé, Mọ́rìnọ́lá ọmọ oṣù méje lórí itan.

Mùyìbátù, ìyá ọkọ rẹ̀, kò kọ́kọ́ gbà pé iṣẹ́ ni. Á ní, “Ẹni tó jókòó sójú kan, tó ń wo gíláàsì, tó ń dá rẹ́rìn-ín, ṣé iṣẹ́ nìyẹn?” Ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ ní Ilero ra ajílẹ̀ láìkúrò lóko ló yí ohùn padà. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó kọjá níwájú ilé tí kò ní sọ fún pé, “Ìyàwó mi ló ṣe é.”

Nígbà tí Waheedat wà nínú oyún Mọ́rìnọ́lá, àyè olórí ẹ̀ka rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Wọ́n fo orúkọ rẹ̀, wọ́n ní kó lọ sinmi. Ẹni tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá lé e lórí. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Nígbà tó yá, ẹni yẹn lọ sí ìlú òyìnbó, àyè tún ṣí, wọ́n sì ní kí Waheedat wá ṣe intafíù lórí kọ̀ǹpútà, ọjọ́ Alárùbá, aago mọ́kànlá òwúrọ̀. Ó mọ̀ pé bí ọmọ bá ké lójú wọn, wọn kò ní bínú, wọn yóò kàn tún ní kó lọ sinmi ni. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Bí aago mọ́kànlá bá fi máa lù, Mọ́rìnọ́lá á ti sùn, ó sì di aago méjì kọjá kó tó lajú.

Kò mọ̀ pé ìyá ọkọ òun náà ti ṣètò tirẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Mùyìbátù kó àwa alásàlátù mẹ́rin jọ sẹ́yìnkùlé. A tọrọ pé kí Ọlọ́run fún ìyàwó wa ní ìdákẹ́jẹ́. Èmi Ìyá Àwáwù ni mo ṣíwájú, gbogbo ọkàn ni mo sì fi ṣe é. Bí a ti ṣàmín tán, Mùyìbátù bọ́ síwájú àwọn ahunṣọ.

“Ẹ dá òfì dúró! Títí di aago méjìlá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta ọ̀kọ̀.”

“Ìyá mi, aṣọ ìyàwó Ṣakí nìyí o. Sátidé ni wọ́n fẹ́ gbà á,” ni Àyúbà wí. Àbúrò Samsudeen ni, òun sì ni olórí wọn nídìí òfì.

“Ìyàwó Ṣakí á ró ohun tó bá rí. Ìyàwó tèmi fẹ́ bá ará Èkó sọ̀rọ̀.”

“Ó dáa. Ẹ bá wa kìlọ̀ fún àkùkọ náà.”

Ni gbogbo ilé bá pa lọ́lọ́. Mùyìbátù tiẹ̀ lé ọlọ́kadà kan tó fẹ́ já èrò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kó lọ já a síwájú.

Waheedat kò mọ nǹkan kan, íápíìsì ti wà létí rẹ̀. Ojú mẹ́ta ló ń wò ó lórí kọ̀ǹpútà. Morẹ́nikẹ́, ọ̀gá pátápátá, tí wọ́n ní kì í rẹ́rìn-ín, wà láàárín. Ìbéèrè àkọ́kọ́ lọ geere. Ìkejì ni ó ń dáhùn lọ́wọ́ tí Mọ́rìnọ́lá lajú lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ tó ti ń gbọ́ òfì láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ kò gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ó wo òrùlé. Ó wo ògiri. Ó figbe ta.

Ìyá àgbà sáré wọlé, ó pọ̀n ọ́n, ó jó, ó kọrin. Igbe ń le sí i. Ó yọrí lójú fèrèsé, ó ń bá àwọn ahunṣọ tí kò lanu wí pé, “Ẹ dákẹ́ sẹ́!”

Waheedat yọ íápíìsì kan. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹkún ọmọ ló gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ó wá gbọ́ ohun tí kò sí níbẹ̀. Bí nǹkan tó ṣiṣẹ́ lánàá bá kọṣẹ́ lónìí, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ nídìí iṣẹ́ ni pé, kí ló yí padà?

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, ìṣẹ́jú kan.” Ó ti dé ojú fèrèsé. Ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, nítorí náà orúkọ tó fún Àyúbà ló fi ké sí i. “Bàbá Kékeré! Ẹ máa hun aṣọ!”

“Ìyá ní ká dákẹ́!”

“Ìdákẹ́jẹ́ yín ló jí ọmọ!”

Àyúbà wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo èmi. Èmi wo ilẹ̀.

Òfì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbéra, gbàkà-gbàkà. Kí Àyúbà tó hun ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, orí Mọ́rìnọ́lá ti yẹ̀ lẹ́yìn ìyá àgbà, ó ti sùn.

“Ariwo kí nìyẹn?” ni Morẹ́nikẹ́ bèèrè.

“Òfì ni, mà. Òun lọmọ mi fi ń sùn. Nítorí yín ni wọ́n ṣe dá a dúró.”

“Báwo lo ṣe mọ̀ pé òun ni?”

“Òun nìkan ló yí padà láti àná, mà.”

Morẹ́nikẹ́ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. “Èmi, mọ́tò ni mo fi ń gbé tèmi yípo àdúgbò kó tó sùn. Mo fẹ́ bi ọ́ bí o ṣe ń wá àṣìṣe ni. O ti dáhùn.”

Ọjọ́ kẹwàá ni lẹ́tà dé: Waheedat di olórí ènìyàn méje. Mùyìbátù kéde káàkiri àdúgbò pé, “Àdúrà Ìyá Àwáwù gbà!” Mo ní alihamudulilai, mo sì ní in lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ ni mo tọrọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Waheedat pọn ọmọ wá bá mi.

“Ìyá Àwáwù, ìpàdé àwọn èèyàn mi bọ́ sí Jímọ̀ọ̀, aago kan àbọ̀. Méjì nínú wọn wà lókè òkun, ìgbà yẹn nìkan ni gbogbo wa lè ríra.”

“Àwọn Àyúbà á ti wà ní mọ́ṣáláṣí nígbà yẹn.”

“Ohun tó gbé mi wá nìyẹn.”

“Gba ohùn òfì sórí fóònù.”

“Mo gbà á, mà. Ọmọ yín fẹ́ jẹ fóònù náà ni.”

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ tọmọtọmọ.

“Ẹ ti sọ fún mi pé kí ẹ tó lọ́kọ, ọdún mẹ́rin lẹ fi jókòó sídìí òfì bàbá yín. Mo mọ̀ pé ẹ kì í pa Jímọ̀ọ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé kò pọn dandan fún obìnrin, pé ìrun ilé rẹ̀ gbà. Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ bá mi jókòó sídìí òfì Bàbá Kékeré ní Jímọ̀ọ̀ Jímọ̀ọ̀. Bí ẹ ò tiẹ̀ hun aṣọ gidi, ẹ ṣáà máa ta ọ̀kọ̀.”