Àgbá Funfun Bàbá Onílé Mi

Kí n tó dé Banjul, ìka ni mo mọ̀ pé wọ́n fi ń dìbò. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọn á kun tàdáwà sí ọ níka, o á tẹ̀ ẹ́ síwèé, o á ká a, ó parí. Ní Gáńbíà, òkúta gíláàsì róbótó kan ni wọ́n máa fi lé ọ lọ́wọ́, irú èyí táwọn ọmọdé ń ta nínú iyẹ̀pẹ̀. O á wọ ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n ta, o á bá àwọn àgbá onírin níbẹ̀, ti olúkúlùkù ẹgbẹ́ pẹ̀lú ọ̀dà àti àmì tirẹ̀. Ihò kan wà lórí àgbá kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ lo máa ju òkúta rẹ sí. Bó bá ti ń lọ sísàlẹ̀, á kan aago kan nínú, irú aago kẹ̀kẹ́, á dún, "Kínn!", káwọn tó jókòó síta lè mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan péré lo dìbò. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, ẹ̀rín ni mo fi ṣe. Mo ní, "Ẹ gbà mí o, ṣé eré ọmọdé lẹ̀ ń ṣe ni?"

Bàbá onílé mi ní àdúgbò New Town ló ń ṣàlàyé. Akọ̀wé kọ́sítọ́ọ̀mù tó ti fẹ̀yìn tì ni, Mùsùlùmí, ọ̀kan nínú àwọn Aku, ìran àwọn ẹrú Yorùbá tó gba òmìnira, tí baba ńlá wọn wá láti Freetown. Ó máa ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ Yorùbá wà lára òun, bẹ́ẹ̀ gbogbo Yorùbá tó gbọ́ kò ju "kúṣẹ́" àti "àkàrà" lọ. Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ni mo ti ń ta léèsì àti àǹkárá. "Ọmọ mi" ló ń pè mí, kì í sì í ṣe ẹnu lásán. Nígbà tí ibà gbé ọmọ mi ọkùnrin ṣánlẹ̀, tí bàbá rẹ̀ ò sí nílé, Bàbá ló gbé e sẹ́yìn lọ sí ọsibítù, tòun ti ọjọ́ orí rẹ̀. Nígbà tí mo pẹ́ nílùú débi tí mo lè gba ìwé ọmọ onílùú àti káàdì ìdìbò, wọ́n ní kí àgbàlagbà àdúgbò kan wá jẹ́rìí mi. Bàbá wọ kóòtù dúdú nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ó tẹ̀ lé mi lọ. Òun ló sọ mí di ẹni tó ń dìbò. Ẹ rántí ìyẹn.

Ẹgbẹ́ òṣèlú tí Bàbá ń ṣe kéré débi pé gbogbo wọn lè jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kí àga sì tún ṣẹ́ kù. Nígbà táwọn ológun gbàjọba, àwọn Òyìnbó Yúróòpù bínú, wọ́n fa ọwọ́ ìrànwọ́ sẹ́yìn. Àwọn ológun bọ́ kákí, wọ́n wọ agbádá, ìbínú ò tán. Ohun tí ẹgbẹ́ Bàbá ń wí ò ju ẹyọ kan lọ: kí ìlú lọ bá Yúróòpù tún ọ̀rọ̀ sọ, nítorí ilé ìwòsàn ò lóògùn, etíkun ò lálejò. Àwọn aráàlú ń fi wọ́n ṣẹ̀sín, wọ́n ń pè wọ́n ní ọmọ Túbáàbù, ìyẹn ọmọ Òyìnbó. Bàbá ní lẹ́tà kan láti Brussels, níbi tí àwọn Òyìnbó Yúróòpù ti ń ṣèpàdé, ó fi ọ̀rá wé e bí ìwé ilẹ̀. Mo ní kó kà á fún mi lọ́jọ́ kan. Àṣé wọ́n kàn ní àwọn rí lẹ́tà tó kọ́kọ́ kọ gbà, àwọn sì dúpẹ́ ni! Mo fi etí ìborùn bo ẹnu kó má baà rí ẹ̀rín mi.

Ó jáde du ipò kánsẹ́lọ̀ àdúgbò wa. Funfun ni ọ̀dà àgbá tirẹ̀, wọ́n ya ọkọ̀ ojú omi sí i lára. Ilé dé ilé ló ń fẹsẹ̀ rìn, tòun ti lẹ́tà inú ọ̀rá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń nu òógùn.

"Ọmọ mi, mi ò ní wọlé nínú ìbò yìí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n inú àdúgbò yìí ni wọ́n bí mi sí. Mi ò kàn fẹ́ kí wọ́n ṣí àgbá mi níbì kankan kí wọ́n bá a lófìfo. Ìtìjú ìyẹn á pọ̀ jù fún mi."

Mo ní, "Bàbá, kò ní ṣẹlẹ̀ láéláé. Ibi tí èmi ti máa dìbò, ó kéré tán, ẹ ti ní ọ̀kan. Wàláì!"

Mo búra. Kò sẹ́ni tó ní kí n búra.

Èmi tí mo forúkọ sílẹ̀ kẹ́yìn, wọ́n gbé mi sí ibùdó ìdìbò tó yàtọ̀ sí ti àwọn ará ilé wa yòókù. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta ká dìbò, oníbàárà mi kan, tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ sójà, ń wo léèsì, ó bá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní aago inú àgbá kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀, pé ẹni tó jókòó síta ń fetí mú un, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Pàápàá ẹ̀yin ará Nàìjíríà. Ẹ ṣọ́ra yín o." Mo ro ṣọ́ọ̀bù mi, mo ro àwọn ọmọ mi méjì tó ń lọ sílé ìwé ní Crab Island. Ta ló máa gbà mí sílẹ̀ tí wọ́n bá ní kí n máa lọ sílé?

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò, mo tò sórí ìlà, mo ń fetí sílẹ̀ bí olè. Kínn. Ẹlòmíì wọlé: kínn. Ẹlòmíì: kínn. Ohùn kan náà ni! Ẹ wá wo ọgbọ́n orí mi o. Dípò kí n mọ̀ pé irọ́ ni obìnrin yẹn pa, ohun tí mo sọ lọ́kàn ni pé, "Háà, àwọn tó wà níjọba ni gbogbo èèyàn ń dìbò fún. Tèmi nìkan ló máa dún yàtọ̀." Nígbà tó kàn mí, mo dúró níwájú àgbá funfun, mo rí ọkọ̀ ojú omi yẹn kedere. Ọwọ́ mi lọ síbòmíràn. Kínn.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n kà á. Aṣojú ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣọ́ ibùdó wa, tí òun fúnra rẹ̀ dìbò níbòmíràn, mú ìwé èsì wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bàbá wọ awò ojú, ó kà á. Níbùdó tiwọn, ó rí díẹ̀. Ní tiwa, òdo. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ń ká aṣọ. Mo ká aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin.

Bàbá ò tilẹ̀ wò mí. Ó ní, "Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi dìbò níbẹ̀. Òkúta rẹ̀ há sínú ihò ni."

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó fi sílẹ̀, ṣé ìbò kan ló máa gbé e wọlé ni? Ó fárígá. Ó ní kì í ṣe torí ìbò, pé ẹni tó bá gbójú fo òkúta ọmọ òun ti pe ọmọ òun ní èké. Yéè! Mo gbọ́ ọ, mo tún ká aṣọ náà dípò kí n ní "Bàbá, ẹ dúró." Lọ́jọ́ kejì ó wọ kóòtù dúdú yẹn, ó lọ fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣètò ìdìbò. Mo ń wò ó bó ṣe ń sọdá títì. Kí ló dé tí mi ò sáré tẹ̀ lé e? Ojo ni mí, kò sí orúkọ míì tí mo lè pè é.

Ọ̀sán ló tó padà dé. Ó bọ́ kóòtù, ó bu omi mu. Ó ní wọ́n gba òun láyè, wọ́n gbé àgbá náà síta, wọ́n fún òun ní òkúta kan kí òun jù ú síbẹ̀ fúnra òun. Ó dún. Kò sóhun tó há. Wọ́n ní kí òun dán àwọn àgbá yòókù wò pẹ̀lú, torí àhesọ tó gba ìlú nípa aago inú wọn, òun sì dán wọn wò.

"Ohùn kan náà ni gbogbo wọn ń dún, ọmọ mi," ó ní. "Ṣé o mọ̀?"

Mo ní, "Rárá, Bàbá. Mi ò mọ̀."

Ó mi orí, ó wọlé lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó kí mi, "Kúṣẹ́ o," bó ṣe máa ń kí mi. Ì bá tiẹ̀ bú mi, ara ì bá tù mí díẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, wọ́n ní kí gbogbo wa lọ forúkọ ìdìbò sílẹ̀ lákọ̀tun, kí onílé tún wá jẹ́rìí ayálégbé rẹ̀. Mi ò lójú láti bẹ Bàbá. Òun ló wá kanlẹ̀kùn, tòun ti kóòtù, ó ti ń fi ọ̀pá rìn nígbà yẹn. A dé iwájú akọ̀wé. Akọ̀wé ní, "Bàbá, ṣé ẹ mọ obìnrin yìí dáadáa? Ṣé ẹ lè dúró fún un?"

Bàbá wò mí, ó wò mí pẹ́.

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa," ó ní. "Ẹ̀rù máa ń bà á. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ni."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó lu òǹtẹ̀ síwèé mi.