Èmi àti Orogún Mi, Yunifásítì

Ọkùnrin kì í ní orogún, ṣùgbọ́n èmi ní. Yunifásítì ni. Ìyàwó mi ló dá a sílẹ̀, ó sì ti lé ní ogójì ọdún tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ ti ń jà du obìnrin kan ṣoṣo yìí. Mi ò ní fi bò: mò ń jowú.

Irun gígẹ̀ ni iṣẹ́ mi. Nígbà tí mo fẹ́ ẹ, tíṣà ìṣirò ni. Ohun tó ká a lára ni pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, nọ́ọ̀sì, awakọ̀, àwọn bíi tèmi, kò rí yunifásítì tó lè gbà wọ́n nírọ̀lẹ́. Ó kọ̀wé sáwọn aláṣẹ títí, wọn ò dá a lóhùn. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Bàbá wọn, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Mo fẹ́ dá tèmi sílẹ̀." Mo rò pé ṣọ́ọ̀bù ló ń sọ. Mo ní kó ṣe é. Ẹnu mi ló kó bá mi.

Ilé ìkẹ́rùsí kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Òun ni gíwá, òun ni akọ̀wé, òun náà ló ń gbálẹ̀. Tábìlì tí a fi ń jẹun ló kọ́kọ́ lọ, bẹ́ńṣì ṣọ́ọ̀bù mi tẹ̀lé e, àwọn oníbàárà mi wá ń dúró bí ẹni tó ń retí ìdájọ́. Nígbà tí àwọn ìjọba wá yẹ ibẹ̀ wò, wọ́n ní kò ní ilé ìkàwé, wọn ò fún un ní ìwé àṣẹ. Mo bá a kẹ́dùn lójú, inú mi ń dùn lábẹ́lẹ̀. Mo ní ìyàwó mi ti padà wálé nìyẹn. Kò pẹ́, ó ti ń ti ilé dé ilé tọrọ ìwé. Ìgbà tí àwọn ìjọba fi máa padà wá, ìwé ti kún dé àjà.

Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, ó jókòó tì mí ní ọsibítù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orí ìbora mi ló tẹ́ ìwé ìdánwò sí, ó ń máàkì. Ó ní kí n má mi ẹsẹ̀, kí wọ́n má bàa dàrú. Nọ́ọ̀sì tó wá gún mi lábẹ́rẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni. Ẹ̀kọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ lórí mi. Kò sí ẹni tó bi mí bóyá ibẹ̀ ń dùn mí.

Títí dòní, ẹni tó bá jókòó sórí àga mi ní ṣọ́ọ̀bù, ìyìn ìyàwó mi ni yóò máa sọ fún mi. Ọkọ Yunifásítì ni wọ́n ń pè mí. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, n ó sì rọra máa pọ́n abẹ mi lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gba ilẹ̀ ẹni méjì sílẹ̀ ní itẹ́ òkú ìlú. Mo ní bí mi ò bá rí i bá gbé láyé, ibẹ̀ lọ́wọ́ mi yóò ti tẹ̀ ẹ́, kò sí ìpàdé, kò sí akẹ́kọ̀ọ́. Mo sọ fún un, ó ní ó dáa.

Àfi bí akọ̀wé àgbà yunifásítì ṣe wọ pálọ̀ wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i pé bí ọlọ́jọ́ bá dé, iwájú ilé ìkàwé ni wọn yóò tẹ́ olùdásílẹ̀ sí, kí Màmá jọ̀ọ́ wá wo ibẹ̀.

Mo ní, "Òkú rẹ̀ náà lẹ tún fẹ́ gbà?"

Ìyàwó mi ní, "Ẹ wọ bàtà yín, Bàbá wọn, ká jọ lọ."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé géètì sí yunifásítì náà, mi ò wọlé rí. Ìbínú ló gbé mi wọlé lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti fi èèkàn sàmì sí ilẹ̀ ọ̀hún. Ìyàwó mi rìn yí i ká, ó wò ó bó ṣe máa ń wo iṣẹ́ tí wọn ò ṣe dáadáa.

"Ẹni mélòó nibí gbà?"

"Ẹnì kan, Mà. Òfin wa ni pé ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ gbé inú ọgbà."

"Ta ló ṣe òfin yẹn?"

Akọ̀wé àgbà wolẹ̀. "Ẹ̀yin ni, Mà."

"Ẹ tún un ṣe. Àwa méjì ni." Ó wá yíjú sí mi. "Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ gbà?"

"Bí mi ò bá gbà ńkọ́?"

"Itẹ́ òkú ìlú náà la máa lọ nìyẹn. Ibi tí ẹ bá wà ni mo wà."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Mo ti borí orogún mi, ó yẹ kí n fà á lọ́wọ́ ká máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀, ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé ló ń wò, níbi tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ti ń wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó ń wò wọ́n bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó ń jẹun. Kò wo èmi bẹ́ẹ̀ rí, ó sì dùn mí dé egungun.

Mo kọjú sí akọ̀wé àgbà.

Mo ní, "Ẹ kọ ọ́ pé méjì. Ṣùgbọ́n èmi ni kí ẹ tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí n máa rí gbogbo ẹni tó bá ń wá a wá."