Ife Ọsàn tí Ìyá Má-ṣòfò Ń Sẹ́

Ìyá Má-ṣòfò ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá mi. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ń lọ aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì nílé ìfọṣọ, ooru áyọ́ọ̀nù lójú, ìdúró láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Bó bá délé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú. Á jókòó, á ní, "Ó rẹ̀ mí." Kì í ṣe pé ó ń wá àánú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ orúkọ ara rẹ̀ ni.

Télọ̀ ni bàbá mi. Nígbà tí wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ti mú un, dókítà ní bí ṣúgà náà ò bá wálẹ̀, ojú rẹ̀ lè bá a lọ. Télọ̀ tí ò ríran, kí ló kù? Èmi ni mo tiẹ̀ ti ń bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Dókítà ní kó yéé mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kó máa jẹ èso, pé èso dára fún ẹ̀jẹ̀, ó dára fún inú.

Màmá gba ọ̀rọ̀ yẹn bí òfin. Ní ìdájí, kó tó lọ síbi iṣẹ́, á ti bó ọsàn mẹ́fà, á fún omi rẹ̀ jáde, á sẹ́ ẹ títí á fi mọ́ lóló, á gbé ife kíkún fún Bàbá. Èyí tó kù nínú asẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń kó o jẹ lórí ìdúró. "Àbí kí n dà á nù ni?"

Oṣù méjì kọjá, ṣúgà ò wálẹ̀, ṣe ló ń gòkè.

"Baálé mi, ẹ̀ ń jẹ nǹkan lẹ́yìn mi."

"Mi ò jẹ nǹkan kan."

"Irọ́ ni! Ṣé ojú fèrèsé ni ṣúgà ń gbà wọlé ni?"

Ó tú dúróà ẹ̀rọ ìránṣọ, ó tú àpò ẹ̀wù. Bọ́tìnnì àti ṣọ́ọ̀kì ló rí. Síbẹ̀ kò gbà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi bá a sọ̀rọ̀, àfi "Ẹ gba ọsàn yín." Èmi náà, kí n má purọ́, mo gbóòórùn ẹnu bàbá mi bí ẹni ń wá ọmọ tó jí ẹran jẹ. Ojú ń tì mí títí di òní.

Nígbà tá a padà sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì bi wá léèrè ohun tí Bàbá ń jẹ láàárọ̀. Màmá fi ìgbéraga dáhùn. Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀.

"Ọsàn mẹ́fà, Màmá? Ẹ tún wá sẹ́ ẹ?"

"Ó máa ń mọ́ kedere ni!"

"Omi ṣúgà lẹ̀ ń fún wọn yẹn o. Ẹran ọsàn tó kù nínú asẹ́ ni kì í jẹ́ kí ṣúgà rẹ̀ sáré wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jẹ ẹ́ ní jíjẹ, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Ta ló wá ń jẹ ẹran rẹ̀?"

Màmá nawọ́ sí ara rẹ̀. Inú kíkún tó ti ń yọ ọ́ lẹ́nu látọjọ́ pípẹ́ ti lọ látìgbà tó ti ń jẹ ẹran ọsàn yẹn, ó sì ti dúpẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Nígbà tá a délé, ó jókòó, kò tiẹ̀ bọ́ bàtà. "Ẹni a ní kó féni lójú, tó fata sẹ́nu. Èmi gan-an nìyẹn. Mo tún pè yín ní òpùrọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Mo mọ̀ pé ó ti dùn jù," ni Bàbá wí. "Látọjọ́ kìíní ni."

"Háà! Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Mo máa ń gbọ́ ìró ọ̀bẹ rẹ ní ìdájí. Ẹsẹ̀ tó wú yẹn lo fi ń dúró. Ẹnu wo ni màá fi sọ pé mi ò mu?"

"Torí kínú mi má bàa bàjẹ́, lẹ ṣe fẹ́ fọ́jú?" Màmá bú sẹ́kún. Mi ò rí i kó sunkún rí.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ìró ọ̀bẹ. Mo sáré jáde, inú ń bí mi, mo fẹ́ ní kí Màmá fi ọsàn fífún sílẹ̀. Bàbá ni mo bá níbẹ̀. Ó ń fọwọ́ wá ojú ọ̀bẹ díẹ̀díẹ̀, ó ń bó ọsàn méjì, tirẹ̀ kan, ti Màmá kan. Màmá ṣì ń sùn.