Ọjọ́ tí Rábí Kúnlẹ̀ Kí Ère ní Kàmbódíà

Rábíátù Àdùkẹ́ ni orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé. Mo fi orúkọ rẹ̀ ṣáájú kí ẹ má baà máa wá a kiri nínú ọ̀rọ̀ mi. Àwa méjèèjì jọ jẹ́ tíṣà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ọ̀tà, kíláàsì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Lónìí, àna mi ni. Ẹ ní sùúrù, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Ohun tó ṣe fún mi nìyí, ó sì ti lé ní ogójì ọdún. Mo rí àwòrán kan nínú ìwé ìròyìn àtijọ́: ilé òkúta ńlá láàárín igbó, tí wọ́n gbẹ́ ojú èèyàn sára àwọn ilé gogoro rẹ̀, ojú kọ̀ọ̀kan sì ga ju ilé tí mò ń gbé lọ. Wọ́n ní Kàmbódíà ló wà, àwọn tí wọ́n ń pè ní Khmer ló kọ́ ọ láyé àtijọ́. Agbẹ́gilére ni bàbá mi, òun ló ń gbẹ́ orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún àdúgbò wa. Ṣé irú mi ló máa rí àwòrán yẹn kó sì ṣí ìwé kọjá? Mo fi ṣọ́ọ̀kì yà á sára pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì márùn-ún, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ère òkúta.” Rábí yọjú lójú fèrèsé, ó rẹ́rìn-ín, ó kọjá.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìnsípẹ́kítọ̀ dé. Ó ní òun gbọ́ pé mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní òrìṣà bíbọ. Mo ní ère ni mo kọ, n kò kọ òrìṣà. Ó ní kí ni ìyàtọ̀? Ọmọ agbẹ́gilére ló ń bi ní irú ìbéèrè yẹn o. Ère ni ohun tí wọ́n gbẹ́, òrìṣà ni ohun tí wọ́n ń bọ. Èèyàn lè gbẹ́ ère ajá, ṣé wọ́n ń bọ ajá náà ni?

Kí oṣù tó parí, wọ́n ti gbé mi lọ sí Ìgbẹ̀sà, nígbà tí ọ̀nà ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó ní ọ̀tún, igbó ní òsì. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gun kẹ̀kẹ́ nínú ẹrẹ̀. Rábí gba kíláàsì mi, kò sì pẹ́ tó fi di igbákejì ọ̀gá ilé ìwé. Kò sí àgbàlagbà mìíràn tó rí pátákó yẹn kí n tó nù ún. Àwọn ọmọ kíláàsì márùn-ún kò sì mọ ọ̀nà ọ́fíìsì ìnsípẹ́kítọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá bi í, ohun tó máa ń sọ ni pé òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run. Ìyábọ̀ ọmọ mi dàgbà, ó ń ṣiṣẹ́ ní Agbára, inú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ló ti pàdé ọkùnrin kan, ó ní àfi onítọ̀hún. Múfútàù ni, ọmọ Rábí. Kí ni kí n ṣe? Mo wọ aṣọ, mo lọ síbi ìgbéyàwó, mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn mí.

Nígbà tó yá, Múfú rí iṣẹ́ sí òkè òkun, ó ń tún ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ aṣọ ṣe. Orílẹ̀-èdè wo? Kàmbódíà. Nígbà tí Ìyábọ̀ bímọ, wọ́n ní kí ìyá méjèèjì wá bá àwọn wẹ ọmọ. Mo sọ fún ọmọ mi pé màá wẹ ọmọ, màá fọ aṣọ ọmọ, ṣùgbọ́n n kò ní padà sí Ọ̀tà láìfojú kan àwọn ojú òkúta yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí. Ìgbà wo ni mo tún fẹ́ wá?

Wọ́n wá ọkọ̀ fún wa, wọ́n sì wá obìnrin ará ibẹ̀ kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó máa mú wa kiri. Rábí kò lè pe orúkọ rẹ̀, ló bá sọ ọ́ di Ìyá Sófíà, obìnrin náà sì ń dáhùn wẹ́rẹ́.

A dé ibi tí wọ́n ń pè ní Angkor Wat. Oòrùn mú bí ẹni pé Sàngó Ọ̀tà la wà lọ́sàn-án gangan. Rábí ti ń ráhùn kí a tó gun àtẹ̀gùn kẹta.

“Àna mi, ṣé òkúta yìí náà lẹ tìtorí ẹ̀ gbé mi kúrò nídìí ọmọ? Òkúta mélòó ni kò sí ní Abẹ́òkúta?”

“Àlàájà, ẹ rọra máa gbẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ṣubú níbí, èmi kọ́ ni màá gbé e.”

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ rí ara ògiri yẹn. Obìnrin lóríṣiríṣi ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀, wọ́n dúró gbangba, irun orí ẹni kìíní kò jọ ti ẹnì kejì. Mo rí èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ṣùkú. Ìyá Sófíà ní ọwọ́ àlejò ló mú kí àyà àwọn kan dúdú, kó sì máa dán. Rábí ní ọwọ́ àlejò kọ́, ọwọ́ ọkùnrin ni. Ẹ̀rín pa mí, inú sì bí mi pé òun ló pa mí lẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ la ti wọ ọ̀nà tóóró kan tó ṣókùnkùn. Rábí wà níwájú, ó ti bọ́ awò ojú rẹ̀ láti nu òógùn. Ó rí ẹnì kan tó jókòó sí kọ̀rọ̀, tí wọ́n fi aṣọ pupa rúsúrúsú bò léjìká. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Àgbàlagbà kì í jókòó kí a gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìkí i. Rábí fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀.

“Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá.”

Bàbá kò dáhùn. Rábí gbé ohùn sókè díẹ̀: “Bàbá, ẹ kú ìjókòó o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?” Ó wá yíjú sí mi. “Bóyá kò gbọ́ Yorùbá. Ẹ bá mi fi Gẹ̀ẹ́sì kí i.”

Fóònù mi ti wà lọ́wọ́ mi. Mo ti ya fọ́tò.

“Àlàájà,” mo ní, “ère lẹ ń kí.”

Ó wo bàbá náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó di ògiri mú, ó dìde, ó gbọn eruku eékún rẹ̀ nù. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má sọ ọ́ nílé. Mo ní sísọ kẹ̀? Fọ́tò ń bẹ. Àwa tíṣà àtijọ́ ní gúrúùpù lórí Wasáàpù, bí mo bá sì fi síbẹ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo Ọ̀tà dé Ìtẹ̀lé á ti rí i. Rábí ni Ìyá Àdínì mọ́sálásí wọn. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: Ìyá Àdínì lórí eékún níwájú ère.

Mo ní òótọ́ kan ṣoṣo ni kó sọ fún mi, màá pa fọ́tò náà rẹ́. Ta ló lọ bá ìnsípẹ́kítọ̀? Rábí ní kí a máa lọ, ebi ń pa òun. Mo tún bi í nínú ọkọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ ooru; mo bi í nídìí oúnjẹ, ó ń sọ̀rọ̀ ata.

Lọ́sàn-án, a dé Bayon, níbi tí àwọn ojú yẹn wà. N kò ní purọ́ fún yín, mo sunkún. Ojú kọ̀ọ̀kan dijú díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ìgbà tí bàbá mi bá gbẹ́ orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tán tó gbé e sókè wò. Nísàlẹ̀, ara ògiri, èèyàn lásán ni wọ́n gbẹ́: àwọn tó ń dáná, àwọn tó ń wo àkùkọ jà, aboyún tó ń rọbí tí wọ́n dì í mú lẹ́yìn. Apá kan wà tí wọn kò gbẹ́ parí, ìlà tí wọ́n kọ́kọ́ fà ṣì hàn lójú òkúta. Mo yọ fóònù láti ya ìlà náà. Fọ́tò Rábí ló kọ́kọ́ jáde.

Mo dúró, mo wò ó. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i á sọ pé ó ń bọ ère. Ṣùgbọ́n èmi wà níbẹ̀. Kíkí ló kí i. Bí mo bá fi ránṣẹ́, ìbọ ni mo sọ ìkíni dà yẹn, kí ni ìyàtọ̀ èmi àti ẹni tó lọ bá ìnsípẹ́kítọ̀? Mo pa fọ́tò náà rẹ́. Inú bí mi bí mo ṣe ń pa á rẹ́. Ẹ má rò pé mo dárí jì í o. Ìdí tí mo sì fi ń sọ ọ́ fún yín báyìí ni pé mò ń sọ ọ́ bó ṣe rí.

Èyí tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé kí èèyàn tó gbé ohun tó fojú rí lọ síta, kó kọ́kọ́ pe nǹkan náà ní orúkọ rẹ̀. Orúkọ kan tí wọ́n pè lódì ná mi ní ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló yí ọ̀rọ̀ yín padà, tí ẹ ṣì ń retí kó jẹ́wọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí kí n kà á. Bí ẹ bá lè dárúkọ, ẹ dárúkọ.

Rábí ti dúró lẹ́yìn mi, ó rí gbogbo ohun tí mo ṣe sí fóònù náà. A lọ jókòó sórí òkúta kan lábẹ́ igi, Ìyá Sófíà sì lọ pe ọkọ̀. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó àwọn ọmọ wa, kò tíì pe orúkọ mi rí, “ẹ” àti “àna mi” ni. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú mi, ó ní:

“Bọ́lá, èmi ni mo lọ bá a. Mo mọ̀ pé ère lo kọ, kíláàsì rẹ ni mo fẹ́. Wá bá mi fa bàtà yìí yọ, ẹsẹ̀ mi ti wú.”