Ìgò Òkúta Kìíṣìlé

Bàbá kan wà tó ń fi alùpùpù gbé ẹrù kiri. Kìíṣìlé ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ náà sì máa ń wú u lórí. Kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà ilé yín wúruwùru, kí òjò sì pa á rẹ́, yóò gbé ẹrù yín dé ẹnu ọ̀nà yín, yóò tún bá yín jà pé ẹ ò mọ̀wé kọ.

Àmọ́ ara rẹ̀ kò fún un nísinmi. Láti kékeré ni òkúta ti ń bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde, wẹ́wẹ́, ẹlẹ́nu mímú. Àgbà ọkùnrin á di ògiri balùwẹ̀ mú, á máa ké pe ìyá rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ń kó àwọn òkúta náà sínú ìgò kan lójú fèrèsé. Ó ní òun á dà á síwájú dókítà tó bá tún sọ pé kí ọkọ òun ṣáà máa mumi. Ìgò ti fẹ́ kún báyìí, kíndìnrín méjèèjì sì ti ń rẹ̀wẹ̀sì. Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ló kù, iṣẹ́ alùpùpù parí nìyẹn.

Dókítà obìnrin kan, ọmọdé lójú Kìíṣìlé, ló ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò dé gbòǹgbò. Nígbà tí èsì dé, ó fa àga sún mọ́ tọkọtaya náà.

"Bàbá, inú ẹ̀dọ̀ yín lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ní yàrá lóríṣiríṣi. Purotéènì tó yẹ kó palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́ kó tó di òkúta, ara yín ń ṣe é. Gbogbo purotéènì ló ní àmì lára tó ń júwe yàrá tó ń lọ. Àmì ti yín ló ní àṣìṣe. Yàrá tí wọ́n ti ń ṣe agbára ló ń yà sí, ìdọ̀tí sì wà ní yàrá kejì."

Kìíṣìlé lanu. "Ẹ ní inú ara èmi ni wọ́n ti ń gbé ẹrù lọ sílé onílé?"

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, kò lè mú un mọ́ra. Ojú ti bàbá gidigidi.

Dókítà fún un ní fítámì kan, hóró kékeré báyìí. Ó ní ó máa ń ran irú purotéènì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ láti mọ̀nà, àmọ́ kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn. Kìíṣìlé ń lò ó tẹ̀rùtẹ̀rù. Oṣù ń gorí oṣù, igbe balùwẹ̀ dáwọ́ dúró. Tọkọtaya ò sọ ọ́ síta, kí wọ́n má baà fẹnu bà á jẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, fóònù dún nígbà tó ń gbé páálí kan lọ. Dókítà ni.

"Bàbá, ìdọ̀tí yẹn ti wálẹ̀ gan-an! Kíndìnrín yín ò bàjẹ́ sí i mọ́. Purotéènì yín ti délé!"

"Ó ti délé!" Kìíṣìlé pariwo láàárín títì, ó fi alùpùpù sílẹ̀, ó ń jó. Ó pe ìyàwó rẹ̀, ó tún jó. Páálí tó wà lẹ́yìn alùpùpù, ilé onílé ló gbé e lọ lọ́jọ́ náà, ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá páálí náà padà fún un, ẹ̀rín ló ń rín.

Kó tó wọlé, ìyàwó rẹ̀ ti da òkúta nù, ó ti fọ ìgò náà tónítóní.

"Ẹ bá mi gbé e padà sójú fèrèsé," ó ní. "Bọ́tìnnì ni mo dà sí i."

Kìíṣìlé mì ín, ó ń dún ṣàkàṣàkà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ni ọkùnrin náà bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbá ìgò mọ́ àyà, ó ń sunkún ayọ̀.