Afẹ́fẹ́ Tí Mo Fi Sábẹ́ Ojú Ẹ̀rọ

Ọkọ̀ ló lé mi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi. Kì í ṣe ọkọ̀ ilẹ̀ o. Ọkọ̀ ojú omi ni, oníke, tẹ́ẹ́rẹ́ gbọọrọ, èyí tí ẹnì kan ṣoṣo ń jókòó sínú rẹ̀ tó sì ń fi àjẹ̀ wà. Káyáàkì ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi rà á ní tòkunbọ̀, ó gbé e wá sí agbo ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ò sì gbà á. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní kí wọ́n kó irinṣẹ́ mi síta, kí ọkọ̀ lè ráyè wọ ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá ọkọ mi ló fún mi ní yàrá ojú títì yẹn kí wọ́n tó kú, pé kí n máa tún rédíò àti fóònù ṣe níbẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, gbogbo ohun tí mo fi ń jẹun di ẹrù inú àpò ìrẹsì lábẹ́ àtẹ̀gùn, òjò sì pa á. Ọkọ mi ní kí n ṣe sùúrù, pé ẹ̀gbọ́n òun ni. Mo ṣe sùúrù. Inú ni mo dì í sí.

Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ tó ń wá ẹja fi dé. Ojú ẹ̀rọ náà ò ju ìdérí agolo mílíìkì lọ. Òun ló ń rán ohùn sí ìsàlẹ̀ omi. Bí ohùn bá kan ẹja, á padà wá, ẹja á sì yọ lára gíláàsì tó wà níwájú awakọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu ọkọ̀ òun ní ihò. Inú ọkọ̀ lọ́hùn-ún, ní ìdí rẹ̀, ló fẹ́ kí wọ́n lẹ ojú ẹ̀rọ náà mọ́. Ta ló sì mọ̀ ọ́n ṣe nínú ilé? Èmi tí wọ́n lé síta náà ni.

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ó ti yá, Bọ̀ọ̀dá."

Nílé wa, ìyàwó kì í pe orúkọ ẹbí ọkọ. Orúkọ tó bá bá ojú rẹ̀ mu ló ń sọ wọ́n, gbogbo ilé á sì bá a pè é. Mo ti sọ gbogbo wọn lórúkọ: Akọ̀wé, Adúmáadán, Ìbàdí-ìlẹ̀kẹ̀. Òun nìkan ni mo ń pè ní Bọ̀ọ̀dá lásán, torí mi ò tíì rí èyí tó yẹ ẹ́.

Mo fi sáńpépà ha ìdí ọkọ̀ náà, mo fi sípíríìtì nù ún. Ohun kan ṣoṣo ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́ kéèyàn mọ̀: ohùn ń gba inú ike kọjá, ṣùgbọ́n kì í ráyè kọjá nínú afẹ́fẹ́. Nítorí náà, jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń po gọ́ọ̀mù rẹ̀, kó má baà hó. Èmi pò ó bí ẹni ń lu ẹyin. Ó hó, ó funfun báláú. Mo dà á sílẹ̀, mo gbé ojú ẹ̀rọ lé e láìtẹ̀ ẹ́, ó sì gan pa pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Òun dúró lé mi lórí, ó ń sọ pé, "Ìyàwó, ṣe kíá!" Mi ò ní purọ́, inú mi dùn.

Nígbà tó di Sátidé, ó gbé ọkọ̀ lọ sí odò Ẹlẹ́yẹlé. Bó ṣe ń jáde ló ń pariwo sáwọn obìnrin ilé: "Ẹ gbé epo kaná o! Ẹja ń bọ̀!"

Wọ́n gbé epo kaná lóòótọ́. Wọ́n sọ̀ ọ́, wọ́n tún gbé e, títí ìrun Àsárì fi kọjá. Ibi tí àwọn apẹja ti ń kó ẹja, ẹ̀rọ ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, òun sì gba ẹ̀rọ gbọ́ ju ojú ara rẹ̀ lọ. Igbá òfìfo ló gbé wọlé.

Mo kúnlẹ̀ láàárín agbo ilé, lójú gbogbo wọn. "Ẹ kú àbọ̀, Ẹja-ń-bọ̀."

Ẹ̀rín bú. Kó tó di Jímọ̀, alápatà l'Ọ́jà'ba ti ń fi orúkọ yẹn kí i.

Lẹ́yìn Sátidé kẹta, ó pè mí. "Ìyàwó, ẹ̀rọ yìí ò ríran."

"Afẹ́fẹ́ ló wà lábẹ́ ẹ̀, sà."

"Ta ló fi síbẹ̀?"

"Èmi ni."

Ó gbé ọwọ́ sókè. Ó wẹ̀yìn, ó rí àwọn obìnrin ilé tí wọ́n dúró, ó sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Mo sọ fún un pé mo lè gbẹ́ gọ́ọ̀mù yẹn kúrò kí ojú ẹ̀rọ má fọ́, àmọ́ mi ò lè ṣe é lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ibi tí mo ti lè ríran ṣe é, ọkọ̀ ló wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ jáde, èmi wọlé. Mo po gọ́ọ̀mù tuntun jẹ́jẹ́, mo tẹ ojú ẹ̀rọ mọ́ ọn dáadáa. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, igbá rẹ̀ kún fún ẹja àrọ̀. Ó mú èyí tó tóbi jù wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. Kò bẹ̀ mí rí.

"Ìyàwó, ẹja ti dé báyìí. Jọ̀ọ́, bá mi yọ orúkọ yẹn kúrò."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gba ẹja náà, mo kúnlẹ̀ bí ìyá mi ṣe kọ́ mi ní Oníyanrìn.

"Ẹ ṣeun," mo ní, "Ẹja-ń-bọ̀."