Jíà Ẹ̀yìn fún Ọkọ̀ Oko Adìẹ

Ẹyin tó bá ti sán ni àwa máa ń jẹ nílé. Èyí tí kò bá ní àbùkù, ti oníbàárà ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí èmi àti ìyàwó mi lò kẹ́yìn pọ̀, irú ẹyin bẹ́ẹ̀ ló dín. Ó rẹ́ àlùbọ́sà sí i, ó sì dúró jẹ tirẹ̀ nídìí sítóòfù, nítorí kì í fẹ́ kó tutù.

"Dádì, wọ́n ti rí jíà yẹn o," ló wí. "Ọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní Challenge ló ránṣẹ́. Ó ní ara píkọ́ọ̀pù bíi tiwa lòun ti tú u. Mo ti ní kó fi pamọ́. Ẹ bá mi lọ wò ó tí ẹ bá ti ibi tí ẹ ń lọ dé."

Nígbà tí mo fi máa dé, orí ń fọ́ ọ, kò sì lè gbé ọwọ́ òsì. A dé ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ibẹ̀ ló kú sí. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìyẹn.

Jíà yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Oko adìẹ ìyàwó mi wà lẹ́yìn Ẹlẹ́yẹlé, lórí òkè kan tí ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ amọ̀ pupa. Lẹ́ẹ̀rùn, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, píkọ́ọ̀pù tó fi ń kó oúnjẹ adìẹ á dé ìdajì òkè, táyà ẹ̀yìn kan á máa yí lójú kan, á máa ta ẹrẹ̀ sókè, èkejì á dúró gbọin bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn. Ó ti sú u láti máa bẹ àwọn ará abúlé pé kí wọ́n wá ti ọkọ̀.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà mo fi abọ́ méjì ṣàlàyé fún un lórí tábìlì. Mo ní tí ọkọ̀ bá ń yà ní kọ́nà, ọ̀nà tí táyà ìta ń rìn gùn ju ti inú lọ. Ìdí nìyẹn tí jíà ẹ̀yìn fi máa ń jẹ́ kí ọ̀kan sáré ju èkejì. Ṣùgbọ́n nínú ẹrẹ̀, ọ̀dọ̀ èyí tó ń yọ̀ ni gbogbo agbára ń lọ.

Ó wo àwọn abọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ń sáré lásán ni wọ́n ń bọ́, ẹni tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ń wòran? Ẹ̀yin ọkùnrin lẹ ṣe irú èyí."

Mo sọ fún un pé irú jíà ẹ̀yìn kan wà tó ní àwo irin pẹlẹbẹ nínú, tí wọ́n ń fún mọ́ ara wọn, tí kì í jẹ́ kí táyà kan máa sáré kí èkejì máa sùn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá a kiri.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wá bá mi nílé wa ní Bódìjà. Ó fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì sí ìkà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, òjò ti dé. Oúnjẹ tó wà lókè yẹn ti fẹ́ tán. Ẹni tó máa ra àwọn adìẹ náà wà nílẹ̀, á ra ọkọ̀ mọ́ ọn. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ máa ń dímú nítorí òórùn adìẹ tí ẹ bá dé ibẹ̀!"

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gun òkè náà ná," ni mo dá a lóhùn. "Tí ọkọ̀ bá kọ̀, kí o mú oníbàárà rẹ wá."

Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Mo lọ gbé jíà náà ní Challenge, mo sì gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó ti ń tún ọkọ̀ náà ṣe fún ìyàwó mi ní Ring Road, ọkùnrin sísanra kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó yí jíà náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Bàbá, kí lẹ ń da ara yín láàmú sí? Ẹ jẹ́ kí n gbé èyí tó wà lára ọkọ̀ fún ajórin, kó jó o pọ̀ nínú. Táyà méjèèjì á máa yí pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn tó ń kó gẹdú ń ṣe."

"Àwọn tó ń kó gẹdú kì í gba Dùgbẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Tí o bá jó o pọ̀, á máa bá táyà jà ní gbogbo kọ́nà. Lọ́jọ́ kan, irin tó so ó mọ́ táyà á kán."

"Tíṣà ti bẹ̀rẹ̀ kíláàsì o!" Ṣùgbọ́n ó ti ń nawọ́ sí sípánà.

A tú táyà ẹ̀yìn méjèèjì, a da ọ́ìlì dúdú inú jíà nù, a fa àwọn irin gbọọrọ tó gbé táyà jáde, a sì yọ jíà àtijọ́. Kẹrosíìnì la fi fọ inú ilé jíà náà, torí epo bẹntiróòlù ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí a gbé tuntun sí i, mo ní ká fi ọ̀dà pupa díẹ̀ pa eyín rẹ̀, ká yí i, ká wo ibi tí irin ti ń kan irin. Àárín gan-an ló ti kàn. Mẹkáníìkì fẹ́ bu ọ́ìlì lásán sí i, mo sì na èyí tí mo wá rí ní Dùgbẹ̀ sí i, tí wọ́n ṣe fún irú jíà bẹ́ẹ̀.

Àṣà wọn ni pé tí wọ́n bá ti ṣe jíà ẹ̀yìn tán, wọ́n á fi jáàkì gbé táyà kan sókè, wọ́n á ki ọkọ̀ sí jíà, wọ́n á sì tẹ́tí gbọ́ bóyá ó ń dún. Jíà àtijọ́ gba irú èyí, torí táyà tó wà nílẹ̀ kò ní mira.

"Gbé méjèèjì sókè," ni mo wí. "Èyí tó wà nílẹ̀ á fà á lọ."

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Ó fi jáàkì gbé táyà kan péré, ó wọnú ọkọ̀, ó ki í sí jíà, ó sì tú ẹsẹ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ fò kúrò lórí jáàkì, ó ta síwájú, ó fi imú gbá àgbá omi ṣọ́ọ̀bù ṣubú kí mẹkáníìkì tó rí bíréèkì tẹ̀. Omi ṣàn gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ó rọra ṣílẹ̀kùn.

"Bàbá."

"Mo ń gbọ́."

"Ó ń ṣiṣẹ́ o."

"Mo rí i."

A rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó lórí táyà.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo ra oúnjẹ adìẹ ní Ṣàngó, mo di ẹ̀yìn ọkọ̀ kún. Àbúrò ìyàwó mi fẹ́ kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin tẹ̀ lé mi kí wọ́n lè tì í. Mo ní kó jókòó sílé. Òjò ti rọ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Ihò tí táyà ti gbẹ́ sí ìdajì òkè ṣì wà níbẹ̀, omi kún un. Mi ò tẹná jù, mi ò sì yọsẹ̀. Ìdí ọkọ̀ yọ̀ díẹ̀ sósì, táyà ọ̀tún yọ̀, ṣùgbọ́n tòsì di ilẹ̀ mú, ó sì fa ọkọ̀ kọjá.

Kò sẹ́nì kankan lókè. Ẹni tó ń bá wa tọ́jú adìẹ ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn adìẹ ti gbọ́ ìró ọkọ̀, wọ́n ń pariwo. Mo gbé àpò kan lé èjìká, mo ṣílẹ̀kùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í da oúnjẹ sínú ọpọ́n wọn láti apá ọ̀tún.